Kí Ẹnu Tó Dákẹ́, Ìrì Ti Gbẹ

Ìrì gbẹ lórí àpáta kan kí olórí ọdẹ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, obìnrin kan sì ti ibẹ̀ di opó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òwe tó ní, "Kí ẹnu tó dákẹ́, ìrì ti gbẹ." Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa á láìmọ ohun tó pa ẹnu àti ìrì pọ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá ni.

Ní abúlé Etí-Àpáta, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Tàkúté ló fi ń pa ọ̀yà. Nígbàkígbà tó bá ń jáde, Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ á ní, "Tètè dé o." Ó sọ ọ́ títí tí ọkọ rẹ̀ fi sọ ajá wọn ní Tètèdé. Ó ní, "Bí o bá ti ń pe ajá, èmi náà á gbọ́."

Ọdẹ́rìndé kọ́ Àdùfẹ́ bí ajá ṣe ń tọpa. Ó ní imú ajá nìkan kò tó, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ilẹ̀ tútù a máa di òórùn mú. Ibòji ìgbẹ́ náà á dì í mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta kò ní àpò. Ìrì nìkan ló ń dá òórùn dúró níbẹ̀, bí oòrùn bá sì ti lá a tán, ó parí.

Nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀gún gún Tètèdé lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́rìndé fi í sílẹ̀, ó dá lọ wo tàkúté ní ìrọ̀lẹ́. Kò padà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Àdùfẹ́ ti fa ajá dé ọ̀dọ̀ Olúọdẹ, ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin abúlé ni pé ẹnikẹ́ni kì í wọ igbó lọ wá ẹni tó sọnù kí Olúọdẹ tó fọhùn.

Olúọdẹ sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó dìde. Ó kí igbó, ó kí ọ̀nà, ó kí baba Ọdẹ́rìndé, ó kí baba baba rẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ti pé jọ ń mi orí.

Àdùfẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìrì ń gbẹ."

"Ìyàwó, ṣé kí n jókòó kí ìwọ wá ṣe Olúọdẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kúkú gbé ìbọn fún un!"

Okùn ajá wà lọ́wọ́ Àdùfẹ́. Tètèdé ń fà, òun náà ń fà á padà.

Nígbà tí Olúọdẹ fi máa jókòó, oòrùn ti mú. Ajá tọpa dáadáa nínú ìgbẹ́, níbi tí ibòji wà. Ó gba etídò, ó ń tiro, kò dúró. Ó dé orí àpáta, ó dúró. Àpáta ti gbóná, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbá a. Ajá fi imú kanlẹ̀, ó yí po, ó tún yí po, ó wá gbójú sókè wo Àdùfẹ́. Wọ́n pe Ọdẹ́rìndé títí. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn wọn lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Àdùfẹ́ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó tú ajá nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Tètèdé gba orí àpáta kọjá tààrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn ẹsẹ̀ ló ń tọ̀ mọ́. Ó dúró létí ọ̀fìn àtijọ́ kan lódìkejì, ó ń ké.

Ọdẹ́rìndé wà ní ìsàlẹ̀, ó ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ó ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó fi di ẹsẹ̀ náà mọ́ igi. Akèrègbè omi rẹ̀ ti gbẹ. Òkú kì í di ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Olúọdẹ tún dìde, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tu opó nínú.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni Àdùfẹ́ wí. "Kí ẹnu yín tó dákẹ́, ìrì ti gbẹ. Èmi ni mo sì di okùn mú."

Olúọdẹ jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kó dìde: kí ẹnu tó dákẹ́, ìrì ti gbẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọbẹ̀ bá ti jinná, Àdùfẹ́ a bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, a ké pe, "Tètèdé o! Tètèdé!" Ajá á sì dé. Àdùfẹ́ á tún dúró díẹ̀ sí i kó tó wọlé.