Epo Àyà Agbádá Baálẹ̀
Àyọ̀ká alágbàfọ̀ ní ilẹ̀ gbalasa kan létí odò tó máa ń sá aṣọ sí, ilẹ̀ náà sì wọ Baálẹ̀ Ìdí-Ọsàn lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí epo pupa ta sí àyà agbádá funfun Baálẹ̀ nídìí iṣu, ó ránṣẹ́ pe Àyọ̀ká síwájú àwọn àgbà, ó ní: "Yọ epo yìí kí oòrùn tó wọ̀. N ò ní í bọ́ aṣọ o. Omi, ọṣẹ àti ọwọ́ rẹ ò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí o ò bá rí i yọ, ilẹ̀ etí odò di tèmi." Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ náà pin sí? Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ yín jẹ lọ́la." Kíá ni Baálẹ̀ dìde. Àwọn àgbà tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yìí ń gbèrò. Baálẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn òró ilẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀. Bó bá ti ní òun parí, Àyọ̀ká á ní, "Bàbá, ó dà bíi pé igun ọ̀hún yẹn ṣẹ́ kù," Baálẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé agboòrùn wá, ó ní kí wọ́n má dí òun lójú. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tẹjú mọ́ ọn láyà. "Baálẹ̀, epo dà?" Wọ́n wò ó títí, wọn ò rí i. Àyọ̀ká ní: "Oòrùn ni í pa epo rẹ́ lára aṣọ funfun, ẹ̀yin àgbà. Ibí yìí ni mo máa ń sá gbogbo wọn sí. Tòní nìkan ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá."