Ẹni Tó Bọ́ sí Àárín

Ọkùnrin kan wà ní abúlé etí odò tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lọ bá àbúrò tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yọ̀ ní abà tó wà lẹ́yìn igbó. Ọjọ́ kẹta pé, kò dé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ọkọ kò lè jókòó, kò lè dùbúlẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá rìn lẹ́yìnkùlé, yóò sáré jáde.

Ó wá ìtùnú lọ sínú ìṣirò. Ẹni márùn-ún ló ti lọ sí abà náà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì lo ọjọ́ méjì méjì kí wọ́n tó padà dé, àwọn méjì lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ibà dá ẹnì karùn-ún, aránṣọ kan, dúró síbẹ̀ fún ogún ọjọ́. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ọgbọ̀n. Ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ó di mẹ́fà mẹ́fà.

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń lò. Ó ṣì ku ọjọ́ méjì."

Síbẹ̀ ó tún dìde, ó lọ wo ojú ọ̀nà igbó.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó jáde sí i. "Àna mi, ta ni nínú wọn tó lo ọjọ́ mẹ́fà?"

Ó tún wọn kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kankan.

"Aránṣọ nìkan ló fa ìṣirò yín gùn. Ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó tètè dé dórí ẹni tó pẹ́ jù. Ọjọ́ mélòó ni ẹni tó bọ́ sí àárín lò?"

"Mẹ́ta ni, Màmá."

"Ọmọ mi ti pẹ́ nìyẹn. Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Ọkùnrin náà fa àdá yọ, ó wọ igbó lọ. Níbi tí afárá igi ti já, ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́.

"Àtàná ni mo ti ń pè yín," ni obìnrin náà wí, ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ pọ̀n ọ́n délé. Ẹni tó ń to eegun sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ó tún sùn síbẹ̀ lóru kan péré, ẹsẹ̀ náà ì bá ti lọ.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bí o bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí fún àwọn ènìyàn, má ṣe jẹ́ kí ọ̀ràn ẹnì kan ṣoṣo tó ṣàjèjì fa gbogbo wọn tọ ara rẹ̀ lọ. Wo ẹni tó wà láàárín. Bí ọkàn rẹ kò bá sì gba ìṣirò tí o ṣe, bi ara rẹ léèrè bóyá òtítọ́ lo ń wá, àbí àwáwí.