Ohun Tí Ó Gé Àgógó Àkókó Kúrú

Nígbà láéláé, ẹyẹ kankan kò ní àgógó tirẹ̀. Yíyá ni wọ́n ń yá a. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ẹyẹ á tò sí etí odò, níwájú ilé arọ Akàn, ẹni tí í ṣe alágbẹ̀dẹ igbó. Ẹyẹ tó fẹ́ mú ẹja á gba èyí tó gùn. Ẹyẹ tó fẹ́ pa ẹ̀kùrọ́ á gba èyí tó tẹ̀ tó sì le. Akàn á na ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á fi iná rọ ìdí àgógó àná, á yọ ọ́ bí ẹni ń yọ òrùka, á sì fi tòní sí ipò rẹ̀. Kì í pẹ́, kì í sì í dunni.

Ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ń fẹ́: iná tí kì í kú. Àkókó ni ó sì ń gé igi tí iná náà ń jẹ. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni, òun ni bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe jẹun.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Àwẹ̀ró, ìyàwó Àkókó, pa ọmọ mẹ́ta. Inú Àkókó dùn débi pé ó gbàgbé iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ó fi jókòó ti àwọn ọmọ náà, tí ó ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí ọmọ ẹyẹ rí láyé. Ọjọ́ mẹ́fà náà ni òjò fi rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wọn fún yín. Ọmọ ẹyẹ kì í mú àgógó wá sáyé. Ìyá á máa fi oúnjẹ sí i lọ́fun fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí í ṣe ọjọ́ ìkómọ, Akàn á rọ àgógó àkọ́kọ́ fún un. Ọmọ tí kò bá ní àgógó títí ọjọ́ kẹjọ fi kọjá, ọ̀fun rẹ̀ á pa dé, kò sì ní í lè jẹun mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, Lékèélékèé fò wá sí ẹnu ìtẹ́ wọn, ara rẹ̀ tutù rinrin.

Ó ní, “Àkókó, Bàbá Akàn ní kí n sọ fún ọ pé igi tó kù nílé arọ kò ju ìtí méjì lọ. Wọ́n ní bí iná yẹn bá kú, àwọn ò mọ ibi tí àwọn yóò ti rí òmíràn. Mànàmáná ló fún bàbá ńlá wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì fún un.”

 Àkókó wo àwọn ọmọ mẹ́ta tí ẹnu wọn rọ̀ bí ewé tuntun. Kò dágbére tán tí ó fi fò jáde.

Gbogbo igi inú igbó ni òjò ti lu. Èyí tí ó bá bà lé, omi ni yóò máa ṣàn lára rẹ̀. Ọ̀gànwó kan ṣoṣo ni ó rò pé ó lè gbẹ nínú. Igi náà ti kú lórí ìdúró láti ọdún mẹ́ta, ó dúró gbagidi lórí òkè, kò sì sẹ́ni tó gé e rí nítorí ìbú rẹ̀. Àkókó wò ó láti òkèèrè, ó sì kọrí sí etí odò.

Akàn ń fẹ́ iná nígbà tó dé. Ó wo Àkókó pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì tí ó yọ síta. Àwọn tó sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹnu wọn ò parọ́, bàbá yìí kì í wo nǹkan ní ìwòkuwò.

Akàn bi í pé, “Igi wo lo fẹ́ gé?”

“Ọ̀gànwó orí òkè ni, bàbá. Ẹ bá mi mú àgógó eléyín bí ayùn, èyí tó gùn jù.”

“Ṣé o ti wọn igi náà?”

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà lọ́dọ̀ àwọn agégi. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi ńlá, wọ́n á fi okùn yí i po, wọ́n á wá ká okùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìká kan ni ìbú igi. Àgógó tó bá fi ìka méjì ju ìká náà lọ ni kí agégi mú. Bí ó bá kúrú, igi á gbé e mì. Bí ó bá gùn jù, á máa wá ohun tí kò sọnù kiri lápá kejì. Agégi òde òní tó ń lo ayùn elẹ́ńjìnnì mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bi í léèrè.

Ìdánwò kejì ṣì wà. Kí agégi tó wá gba ayùn, ó gbọ́dọ̀ fi àgógó kékeré kan igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì dẹ etí sí i. Igi tí inú rẹ̀ kún á dáhùn gbì. Igi tó ní ihò á dáhùn gbòò.

Àkókó kò ṣe ọ̀kankan. Okùn rẹ̀ wà nílé, ó fi di ìtẹ́ mú nítorí atẹ́gùn. Ó rò ó pé kí òun padà, ó wo ojú ọ̀run tó ṣú, ó wo iná tí ó ti rẹlẹ̀, ara rẹ̀ kò lélẹ̀.

Ó ní, “Mo ti wọ̀n ọ́n, bàbá. Mo sì ti kàn án.”

Irọ́ tí ẹni tó ń kánjú ń pa ni, kò sì jọ irọ́ lójú rẹ̀. Akàn ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi àgógó eléyín náà sí i lẹ́nu. Ó gùn débi pé Àkókó ní láti gbé orí rẹ̀ sókè bí ẹni ru ẹrù kí ó tó lè fò.

Ó dé orí òkè, ó rọ̀ mọ́ ara ọ̀gànwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ. Ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Ìyẹ̀fun igi ń dà sílẹ̀, gbígbẹ ni. Inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó tẹra mọ́ ọn, ó ń ka ọmọ rẹ̀ lọ́kàn bí ó ti ń rẹ́ ẹ, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Igi náà ṣàdédé rọ̀. Àgógó náà wọlé lọ gbuurugbu, kò sí ohun tó dá a dúró. Ohùn tín-ín-rín kan sì ké nínú igi.

Àkókó mọ ohùn náà. Ó dáwọ́ dúró.

Ohùn obìnrin ni ó tẹ̀ lé e. “Ta ni ń gégi níta yẹn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Ọmọ tuntun wà nínú ilé. Nǹkan tí ẹ tì wọlé yìí, ó ku ìka kan kó kan ọmọ mi lọ́rùn.”

Àwẹ̀ró ni. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ jáde, òjò ti ya ìtẹ́ wọn. Ó ti kó àwọn ọmọ sá wọ inú ihò gbígbẹ tí ó rí lápá kejì òkú igi tó wà lórí òkè.

Àkókó fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n inú igi ni ẹnu rẹ̀ wà. Ó fà á sẹ́yìn. Eyín àgógó náà kọ ẹ̀yìn, iwájú ni ó ń gbà lọ, kò gba ẹ̀yìn. Bí ó bá ti fà á, igi á gbọ̀n, ọmọ á tún ké. Bí ó bá sì tì í síwájú, ó mọ ohun tí yóò kàn. Ó wo ìsàlẹ̀ òkè, ó rí èéfín ilé arọ tó ti tín-ín-rín bí òwú.  Kò sí ẹni tí yóò ké pè, kò sì sí ẹnu tí yóò fi ké.

Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti igi náà. Ó di ojú. Ó sì fi gbogbo agbára yí ọrùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Pọ́. Àgógó náà dá. Kùkùté kékeré ló kù sí i lójú, ẹ̀jẹ̀ ń kán lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, èmi ni.”

 Àwẹ̀ró ní, “Olówó orí mi, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń gé wa?”

“Èmi ni. Mi ò kan igi, mi ò wọ̀n ọ́n. Jọ̀ọ́, gbé àwọn ọmọ sápá kan, kí o fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, ó ń gba iwájú lọ.”

Àwẹ̀ró fà á, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́.  Wọ́n fi ìyẹ́ bo àwọn ọmọ, wọ́n gbé ìdá àgógó tó dá náà, wọ́n sì já sínú òjò.

Ẹyin iná kan ṣoṣo ló kù nílé arọ, kò tóbi ju ẹ̀kùrọ́ lọ.

Akàn bèèrè pé, “Igi dà?”

“Kò sí igi, bàbá. Irọ́ ni mo pa fún yín láàárọ̀.”

“Ìbáwí lè dúró, iná ò lè dúró.” Akàn gba ìdá àgógó náà, ó yí i wò. “Ooru tó kù yìí lè so eléyìí padà mọ́ ọ lẹ́nu, kó rí bó ṣe wà. Ó sì lè gé kékeré mẹ́ta. Kò lè ṣe méjèèjì.”

Àwẹ̀ró ń wo ilẹ̀. Àkókó mọ̀ pé pẹ̀lú kùkùté yìí, òun kò ní í gé igi ńlá mọ́ láé, iṣẹ́ bàbá òun ti parí nìyẹn.

Ó ní, “Ẹ ṣe tàwọn ọmọ.”

Akàn gé èkíní, ó fi sí i. Ó gé èkejì. Ẹyin iná náà ti ń dúdú létí. Nígbà tí ó fi ẹ̀kẹta sí ọmọ tó kéré jù lẹ́nu, iná kú pátápátá. Gbogbo wọn ń wo ọmọ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ya ẹnu. Ó ya á, ó pa á dé, ó sì dún ká.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni Atíálá sáré dé. Àgógó ńlá tí òmíràn gùn lórí ni ó yá láàárọ̀ ọjọ́ náà láti fi ru koríko.

Ó ní, “Bàbá, ẹ gbà mí, ẹ bá mi yọ eléyìí, ọrùn ń ro mí.”

Akàn fi ọwọ́ kan eérú, ó tutù. Ó ní, “Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ọmọ mi. Máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni àgógó ti di ti ẹyẹ, tí oníkálukú ń gbé èyí tí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú bá lẹ́nu rẹ̀ kiri. Láti ọjọ́ náà náà ni àgógó àkókó ti kúrú. Kì í wó igi mọ́. Bí ó bá bà lé igi, á kàn án kó-kó-kó, á dáwọ́ dúró, á dẹ etí, á tún kàn án. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ẹyẹ yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o. Ìbéèrè ni ó ń bi igi: ta ló wà nínú ilé?