Ṣòkòtò Láwóyin ní Ìdí Ògúnṣínà

Aránṣọ ni Ògúnṣínà ní ìlú Òkè-Ìsàn láyé àtijọ́. Ṣòkòtò àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́mu ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gùn, kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó yi bí awọ. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè gun ọ̀pẹ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ̀gún má rí ibi ya. Ọkùnrin náà ń rí jẹ, ó ń rí mu.

Ìgbà tí Láwóyin, aránṣọ mìíràn, kó dé ìlú ni ọkàn Ògúnṣínà kò balẹ̀ mọ́. Èèyàn gíga, abikùn ńlá ni Láwóyin, àwọn ìjòyè tó ń gẹṣin ló sì ń rán ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ fún. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, á wọ ọ̀kan nínú wọn, á gẹṣin wọ àárín èrò, á máa ké pé, "Ta ló rán an? Láwóyin ni! Ẹ tọ Láwóyin wá!" Ọjà á mì tìtì.

"Èmi náà á ṣe é," Ògúnṣínà wí fún Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀.

"Baálé mi, àwọn oníbàárà yín kì í gẹṣin. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń gùn."

"Ṣé o ò rí i bí ọjà ṣe ń mì ni?"

Ó yá ṣòkòtò Láwóyin kan lọ́wọ́ ìjòyè, ó sì ń rán irú rẹ̀ jọ. Bí ẹlẹ́mu bá wá, á ní òun kò rán tàtijọ́ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ ọjà kò, ó fi àwọn tó rán jọ pa mọ́ fún títà, ó wọ ṣòkòtò àyálò náà lé orí ṣòkòtò àtijọ́ tirẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí gírígírí, ó yá ẹṣin, ó di ọjà. Èrò ya! Orí Ògúnṣínà wú. Ó fi gbogbo agbára ké igbe tó ti kọ́ sórí:

"Ta ló rán an? Láwóyin ni! Ẹ tọ Láwóyin wá!"

Ni gbogbo èrò bá yí padà, ó di ìsọ̀ Láwóyin.

"Mo gbé! Èmi ni! Èmi ni mo ní kí ẹ tọ̀ wá!"

Igbe yìí ló dẹ́rù ba ẹṣin. Ó ta gìrì, Ògúnṣínà ré lulẹ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò àyálò há sára gàárì, okùn ìbàdí rẹ̀ já, ẹṣin sì sá lọ pẹ̀lú ṣòkòtò tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọjà.

Ó dìde nínú eruku, ṣòkòtò tirẹ̀ nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Ni Ṣàngódìran ẹlẹ́mu bá já àárín èrò kọjá.

"Ògúnṣínà! Irú èyí ni mo ń wá kiri! O ní o ò rán an mọ́! Ẹ wò ó, ó já bọ́ lórí ẹṣin, kò ya!"

Ògúnṣínà wo ìdí ara rẹ̀. Ó lóṣòó, ó dìde, ó gbẹ́sẹ̀ sókè. Kò sí ibi tó fún un, kò sí ibi tó ṣo. Ìtìjú fò lọ lójú rẹ̀.

"Èmi Ògúnṣínà ni mo rán an!" Ohùn rẹ̀ gba ọjà kan. Àwọn ẹlẹ́mu, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ, gbogbo wọn ya bò ó, Àṣàbí sì ń sáré kiri, ó ń wọn ìbàdí wọn.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n tajà pé: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.