Ọkọ̀ Pupa, Ọkọ̀ Dúdú àti Ọ̀rá Orí Ìjókòó

Mo kọ́kọ́ gbọ́ àkàwé yìí ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé kà, nígbà tí mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Oníṣẹ́ táyà kan ni ó sọ ọ́ fún mi bí ó ti ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ mi. Mo bá a jiyàn títí ó fi lẹ̀ ẹ́ tán. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó kò kan ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó, mo sì ti rí i pé èmi ni n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, ìwọ tí o jẹ́ baálé ilé.

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta pákó. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi ilẹ̀kùn mẹ́rin sí kí ènìyàn lè fi kó ará ilé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ta sìmẹ́ǹtì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní, ṣùgbọ́n pupa ni tirẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó sì ṣe é. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì ra ọkọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí etí ìlú sinmi.

Abẹ́ àtíbàbà oníṣẹ́ táyà, lẹ́bàá afárá, ni wọ́n ti máa ń jiyàn ní ìrọ̀lẹ́.

"Láti orí afárá dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí o tó ka ení dé ẹ̀wá, mo ti débẹ̀," onísìmẹ́ǹtì a wí. "Ìwọ ńkọ́? A ó ka ení títí, a ó fi kún un."

"Tí a bá wá dé kọ́nà, ta ni ó máa ń tẹ bíréèkì bí ẹni tí ejò bù jẹ?" onípákó a dáhùn. "Tèmi di ilẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Pupa yára ju dúdú lọ níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́. Dúdú dára ju pupa lọ níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ìrọ̀rùn, olúkúlùkù kàn ń búra ni, nítorí iwájú ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí. Wọn kò bi ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn léèrè rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí onísìmẹ́ǹtì fi ń parí iyàn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti fẹ́ borí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ọkọ̀ tí ìyá tó bí ọ kò lè wọ̀, òun ni o fi ń ṣe fáàrí?"

Òótọ́ ni èyí náà. Ìyá onípákó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ṣubú nígbà kan, irin ni dókítà fi de egungun ìbàdí rẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ra ọkọ̀ dúdú, ó gbé e pé kí wọ́n lọ kí àbúrò ìyá náà tó jẹ́ obìnrin ní Òkè-Àfọ́n, lẹ́yìn òkè, ní ọ̀nà tí ó ní kọ́nà mẹ́tàlélógún. Wọn kò kọjá kọ́nà kẹta. Ìyá yọ̀ lórí ìjókòó, ó fi ìbàdí gbá ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́ láéláé. Ọmọ rẹ̀ ní ìbàdí ni ó ń dà á láàmú. Ìyá ní ọkọ̀ ni. Báyìí ni ọdún mẹ́rin kọjá. Àbúrò rẹ̀ náà kò lè rìn mọ́. Orí tẹlifóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ní agogo mẹ́wàá àbọ̀, tẹlifóònù dún. Ọmọ àbúrò náà ti dé láti Kàdúná. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì tí ó háyà yóò sì gbéra ní agogo méjìlá. Ìwọ náà mọ̀ pé arúgbó tí wọ́n bá mú lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kì í sábà padà wá kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá wọ bàtà. Ó mú ẹ̀kuru tí ó sè ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó bu epo ata díndín sí i, ó dé e sínú abọ́.

"Mo ń lọ," ó ní.

"Ẹ wọ ọkọ̀, Ìyá," ọmọ rẹ̀ wí.

"Ọkọ̀ wo? Ṣé o gbàgbé pé mo búra ni? Ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn."

"Ìyá! Ẹni tó bá rọra wa ọkọ̀, wákàtí kan àbọ̀ ni yóò fi débẹ̀!"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tètè gbéra."

Onísìmẹ́ǹtì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ pupa jáde, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. "Ìyá wa, ẹ kò kúkú búra pé ẹ kò ní wọ tèmi. Ẹ bọ́ síbí."

Ìyá wọ̀ ọ́. Onípákó rí ìyá rẹ̀ tí ó wọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo àdúgbò. Ó wọ tirẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí ń sin òkú lọ.

Wọn kò jìnnà. Ọkọ̀ pupa le. Gbogbo òkúta tí ó bá gùn ni ó ń ròyìn fún ẹni tí ó jókòó. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ táyà, Ìyá ti ń lu dígí.

"Sọ̀ mí kalẹ̀! Sọ̀ mí kalẹ̀, ọmọ tèmi. Odó lo gbé mi sí, o sì ń gún mi!"

Oníṣẹ́ táyà jáde wá. Àgbà ni òun náà. Ìgbà tí ó ti dàgbà tán ni ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, irú àwọn bẹ́ẹ̀ a sì máa ka gbogbo ohun tí ojú wọn bá bà lé, títí dé ara páálí ọṣẹ. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ dúdú, nítorí òun ni ó sún mọ́ ọn jù, kí Ìyá lè fi ìdí lé e díẹ̀. Ìyá rò pé òun kò tíì wọ ọkọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ òun wà nílẹ̀, ó sì jókòó. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà dúró sójú kan, kò mira.

"Ẹ ò rí i?" Ìyá ké. "Wọ́n ní ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọmọ mi rà. N kò rí kẹ́lẹ́ kankan níbẹ̀ o. Yíyọ̀ nìkan ni mo rí!"

Oníṣẹ́ táyà gbá a mú. Ó wo ìjókòó náà, ó fi ìka kàn án.

"Kí ni ẹ fi bò ó yìí?"

"Ọ̀rá ni," onípákó dáhùn. "Ó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Kí ìjókòó má baà dọ̀tí ni."

"Ọdún kelòó rèé?"

"Ọdún kẹrin."

"Ta lò ń tọ́jú rẹ̀ dè?"

Oníṣẹ́ táyà tẹ̀ ba, ó ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá náà, ó ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kánjú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ń kánjú.

"Ó wà níbí," ó ní. "Wọ́n ní kí o yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Ìwọ tí o lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, o kò ka èyí?"

Onísìmẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Má yọ ọ́ o! Ọjọ́ tí o bá yọ ọ́ ni ọkọ̀ rẹ di àlòkù. Ọ̀rá tèmi ṣì wà lórí tèmi pinpin."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Kò pariwo mọ́. Ó ní, "Èmi tí mo bí ọ ti gbó. Ìjókòó rẹ kò gbó. Ta wá ni ò ń ṣìkẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ ọ̀rá, ó fà á ya. Ó ya ti ẹ̀yìn, ó ya ti iwájú, ó ya èyí tí ó wà lára ilẹ̀kùn. Òórùn awọ tuntun gba inú ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ìyá tún jókòó. Awọ náà rì díẹ̀, ó gba ìbàdí rẹ̀ mọ́ra, kò sì jẹ́ kí ó lọ síbì kan. Ìyá mi ara síhìn-ín, ó mi ara sọ́hùn-ún. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

"Ìbúra yín ńkọ́, Ìyá?" onísìmẹ́ǹtì béèrè.

"Nítorí ọ̀rá ni mo ṣe búra, n kò mọ̀ ni. Ó sì ti ya. Kí ni ẹ ń wò? Ṣé agogo ń dúró dè wá ni?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo mọ́kànlá lù nígbà tí wọ́n gbéra. N kò ní parọ́ fún ọ pé ọmọ náà rọra. Ó sáré, nítorí bí kò bá sáré, wọn kò ní bá a. Ṣùgbọ́n ó ń wọ kọ́nà bí ẹni tí ń da epo sínú ìgò ẹlẹ́nu tóóró. Ọjọ́ náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Wọ́n kọjá kọ́nà kẹta níbi tí Ìyá ti yọ̀ ní ọjọ́sí, kò gbọ́ ohùn. Wọ́n kọjá kọ́nà kẹjọ, kò gbọ́ ohùn. Ó wo dígí. Orí Ìyá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ọmọ dẹ etí. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ọ: Ìyá ń hanrun.

Onísìmẹ́ǹtì kò lè fara mọ́ ọn. Ó ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn láti ẹ̀bá afárá. Níbi tí ọ̀nà gbé tọ́ díẹ̀, lẹ́yìn kọ́nà kẹrìndínlógún, ó fọn fèrè, ó sì kọjá lára wọn bí ọfà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ náà yára. Ní kọ́nà kẹtàdínlógún ni wọ́n bá a, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, táyà méjì ti bẹ́ sínú kòtò. Fèrè ti jí Ìyá. Ó sọ dígí kalẹ̀, ó yọ orí, ó sì kí i bí a ṣe ń kí ẹni tí a bá lórí ìdúró:

"O kú ìdúró o, ọmọ tèmi! Bí a bá ń bọ̀, a ó gbé ọ. Ìjókòó wà lẹ́yìn."

Ogún ìṣẹ́jú ni ó kù kí agogo méjìlá lù nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àfọ́n. Wọ́n ti gbé àbúrò jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Wúràọlá."

"Ẹ̀gbọ́n mi? Irọ́ ni. Ẹ ní ẹ kò ní wọ ọkọ̀ mọ́!"

"Ta ní ọkọ̀ ni mo wọ̀? Ayọ́kẹ́lẹ́ ni."

Wọ́n gbé Wúràọlá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé fún wọn. Àwọn arúgbó méjèèjì ṣí abọ́ ẹ̀kuru. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ ọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí agogo méjìlá fi kọjá tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò lè fọn fèrè. Epo ata díndín kán sórí awọ. Ọmọ rí i láti ìta dígí. Aṣọ ìnukọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n gbé onísìmẹ́ǹtì. Ó jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, ó sì ń fi ọwọ́ pa awọ náà títí wọ́n fi wọ ìlú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, oníṣẹ́ táyà bá ìdì ọ̀rá kan nídìí ààtàn. Ó ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ti ọkọ̀ pupa ni.

Ìwọ tí mò ń kọ èyí sí, mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ yá lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní o yára ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, n kò sì bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ níbi tí o ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ rọ̀. Ara rẹ balẹ̀. O ní ìrọ̀rùn náà, awọ tí ó dára ni. Kí ló dé tí ọ̀rá fi wà lórí rẹ̀ tí o bá délé? Ìyàwó rẹ ń yọ̀, ìyá rẹ ń yọ̀, o ní àwọn ni kò mọ ìjókòó. Ta lò ń tọ́jú rẹ̀ dè? Ya ọ̀rá náà lónìí. Epo yóò kán sí i, jẹ́ kí ó kán. Má sì sọ fún mi pé bí o bá rọ̀ sí wọn, o kò ní lè sáré mọ́. Ìyá ń sùn, ọkọ̀ sì ń sáré.

Mo bi oníṣẹ́ táyà pé kí ni ó sọnù nínú gbogbo rẹ̀. Ó kà á fún mi: ọ̀rá ọkọ̀ méjì, táyà méjì, ìbúra kan, àti ojú awọ kan tí epo kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé èyí tí ó ti sọnù ṣáájú ọjọ́ náà. Ọdún mẹ́rin.