Ìkíni Ẹnu Omi

Àlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ta la kí ní "ẹ ǹlẹ́ o" tó wọ yàrá láì dìde? Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀ bí ìkùukùu ọyẹ́, kò bà síbì kan àfi ẹ̀yìn Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì fọwọ́ kan Àdán lápá.

Nígbà tí ọdún ọyẹ́ ku ọ̀la, Ìjàpá kọ̀, kò fún ọmọ Àdán lómi mu, nítorí pé ìyá rẹ̀ kò kí i bí ó ṣe fẹ́. Omi náà kì í sì í ṣe ti Ìjàpá.

Ti gbogbo ìlú ni. Ìsun kan ṣoṣo tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ó wà lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan, ó sì mọ́ gaara débi pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti mu ún yóò kọ́kọ́ rí ojú ara rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìlú ti máa ń yan akíni kan sí ẹnu omi lásìkò ọdún. Ẹni yòówù tó bá dé, "Ẹ kú ọdún o" ni yóò gbọ́, igbá omi á sì tẹ̀ lé e. Kò sí ìbéèrè.

Ọdún yẹn ló kan Ìjàpá. Ó jókòó, ó ronú, ó ní "ẹ kú ọdún" yìí ò ní epo nínú. Ni ó bá fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí omi ká, ó fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀. Lọ́sàn-án, ó lọ bá Àkùkọ, olórí àwọn tí ń bọ oòrùn, ó sọ fún un ní bòńkẹ́lẹ́ pé ìkíni tiwọn, "Oòrùn á yọ fún ọ," nìkan ni wọn yóò máa gbọ́ ní ẹnu omi, bí wọ́n bá lè máa rántí òun. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó lọ bá Òwìwí, olórí àwọn tí ń bọ òṣùpá, ó sọ ohun kan náà fún un nípa "Òṣùpá á lé fún ọ." Inú àwọn méjèèjì dùn. Iṣu ń wọlé lọ́sàn-án, ẹ̀wà ń wọlé lóru. Àwọn ọlọ́sàn-án kì í pàdé àwọn olóru. Ta ni yóò tú àṣírí?

Àdán kì í ṣe eku, kì í ṣe ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò bọ oòrùn, kò bọ òṣùpá. Ìrọ̀lẹ́ ni ìdílé rẹ̀ ń kí, àkókò tí ojú ọ̀run máa ń pọ́n bí epo, tí gbogbo nǹkan sì máa ń rọ̀ bí ẹni fẹ́ sùn. Àkókò náà ló gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà wá sí ẹnu omi. Ahọ́n ọmọ ti gbẹ. Orin ló ń kọ bọ̀:

Akíni omi, ṣí fún mi o,
Tẹ́rẹ́-ń-jẹ́n.
Ọmọ àyà mi ò lè ké mọ́,
Tẹ́rẹ́-ń-jẹ́n.
Òùngbẹ ò béèrè ohun tá à ń bọ,
Tẹ́rẹ́-ń-jẹ́n.

"Ìrọ̀lẹ́ á tù yín lára, bàbá," Àdán wí.

Ìjàpá ní òun kò gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi í pé àwọn mélòó ló ń kí i bẹ́ẹ̀.

"Èmi àti ọmọ mi ni."

"Ẹni méjì ò tó ọdún í ṣe, ìyá ọmọ. Kí oòrùn, kí o mu."

Ó rí lára Àdán bí ẹni tí wọ́n ní kó ya aṣọ ìyá rẹ̀ fi nu ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ń mí helehele. Nítorí ọmọ, ó wí i: "Oòrùn á yọ fún yín, bàbá."

Nígbà náà, ọrùn Ìjàpá kì í wọlé. Ìta ló ń gbé tọ̀sán-tòru. Ó na ọrùn ọ̀hún sókè, ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá nǹkan. "Oòrùn ti wọ̀. Ìkíni ọ̀sán lo gbé wá."

"Òṣùpá á lé fún yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyẹn ò tíì lé. O kánjú." Ó sì ti ẹ̀gún padà.

Àdán kò bú u. Ó fò lọ sórí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó dorí kodò, ó ń fún omi èso sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí ohun tí ojú ọ̀sán nìkan tàbí ojú òru nìkan kò lè rí: iṣu àwọn olóòrùn àti ẹ̀wà àwọn olóṣùpá nínú agbọ̀n kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjàpá.

Ilẹ̀ ọdún mọ́, àbí kò mọ́? Ọyẹ́ bo ayé. Igi di òjìji, òkè di èéfín, ohùn ń rìn kiri láìní ẹnu. Ohun roboto funfun kan fara kọ́ sójú ọ̀run, kò ta ojú, kò mú ara gbóná. Àkùkọ ní oòrùn ni. Òwìwí ní òṣùpá ni. Kálukú kó ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn, ó di ọ̀nà omi.

Ìjàpá gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó wo òkè, kò mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ó wo iwájú, òjìji ló ń bọ̀.

"Akíni, kí wa o," ohùn kan wí.

"Oòrùn á yọ fún un yín."

"Kí lo wí?" Òwìwí ni, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi inú ìkòkò.

"Òṣùpá. Mo ní òṣùpá á lé fún un yín."

"Òṣùpá kẹ̀?" Àkùkọ ni ìyẹn, láti apá kejì. "Iṣu wa ńkọ́?"

"Iṣu yín bí i ti báwo? Ẹ̀wà wa ńkọ́?"

Ìjàpá la ẹnu, kò bá ìkíni kankan níbẹ̀ mọ́. Ó fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyẹ́ ti dìde, èékánná ti yọ, ó ku díẹ̀ kí ìjà bẹ́. Ni ohùn kékeré kan bá bọ́ láti orí igi.

"Ẹ kú ọdún o, gbogbo ilé."

"Ọdún á yabo," gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó mọ ẹnu tó ti jáde. Ìkùukùu pàápàá dà bí ẹni tó dáhùn.

Àdán sọ̀kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún lómi, nítorí òùngbẹ tirẹ̀ ló pẹ́ jù, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó rí, láti orí iṣu dórí ẹ̀wà.

Òwìwí bi í, kò fi ìbínú bi í: "Ṣé kí a wá gbàgbé orúkọ òṣùpá ni?"

"Rárá o, bàbá. Ẹ kí i nílé yín, ẹ kí i kó dún. Bí ẹ bá pè mí, màá wá bá yín jẹ ọdún. Ṣùgbọ́n ní ẹnu omi, ẹni tó dé là ń kí."

Àkùkọ ló kọ́kọ́ fa ẹ̀gún kan tu. Òwìwí fa èkejì. Kò pẹ́, ọgbà ti di igi ìdáná, wọ́n sì fi se iṣu àti ẹ̀wà agbọ̀n náà jẹ pọ̀. Ìjàpá ń gbóòórùn rẹ̀ láti inú igbá.

Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé bí ó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni títí di òní: ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n fẹ́ kí òun, kò sì mọ èyí tí yóò fi dáhùn.

Ìlú ní kí Àdán wá di akíni. Ó dúpẹ́, ó ní rárá. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ ní ẹnu omi á fẹ́ máa rò pé òun ló ni ín. Ohun tó yàn ni pé nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ti Àkùkọ bá ń lọ sùn, tí àwọn ti Òwìwí sì ń nu ojú, òun á máa fò kọjá láàárín wọn, òun á fi ohùn kan kí gbogbo wọn. Ibi tí àlọ́ mi ti wá ló padà sí. Bí mo bá parọ́, kí àdán kankan má fò kọjá lórí agboolé yìí nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ gbójú sókè. Ẹ dá a lóhùn.