Ṣíjúadé, Ìgè àti Ife Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mẹ́fà

Kí títì ọlọ́dà tó dé Òkè-Ìrọ̀rùn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lórí òkè ìlú náà ti gbajúmọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà ní ẹkùn náà ló para pọ̀ tí wọ́n ń du ife kan ṣoṣo lọ́dọọdún. Lọ́dún àkọ́kọ́, Ṣíjúadé, balógun ikọ̀ Òkè-Ìrọ̀rùn, nìkan ló jẹ góòlù mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá tí wọ́n jẹ. Géńdé aláyà fífẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí ọmọ odó. Bó bá ń kọjá láàárín ìlú, àwọn obìnrin tó ń sá kòkó á dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti kí i.

Lọ́dún kejì ni Ìgè dé. Abúlé apẹja kan létí odò ló ti wá. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó fi ṣáájú wáyé yẹn, bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án, ńṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí oje. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, góòlù mẹ́ta ló jẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìlú ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ayọ̀.

Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn á rántí òun. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, Ìgè tún jẹ méjì. Èyí tó wá dùn ún dé egungun ni ti ọjọ́ tí ìyá tó bí i lọ́mọ gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá kí i. Bí ìyá ti sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé:

"Ọmọ mi, èwo ni Ìgè nínú wọn? Àwọn ará ilé ní n kò gbọdọ̀ padà láìrí i."

Àkàrà náà korò lẹ́nu Ṣíjúadé. Láti ọjọ́ náà, bí Ìgè bá dúró sí àyè tó dára jù lórí pápá, ńṣe ni yóò gbójú kúrò, yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn. Tíṣà Akíngbolú tó ń kọ́ wọn rí i, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣíjúadé, ṣé Ìgè ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, sà. N kò rí i ni."

"Ẹni tó ga bí ọ̀pẹ yìí? O ò rí i?"

Ṣíjúadé ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n dé ìdíje tó kẹ́yìn, máàkì kan ni wọ́n sì fi ṣáájú àwọn ará Ìlékètè tí wọ́n fẹ́ bá pàdé. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì lásán, tiwọn ni ife. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìdíje náà ni bàbá Ìgè ṣàìsàn, Ìgè sì gbàyè lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣíjúadé ló bá níbẹ̀.

"Àná ni mo kúrò ní abúlé Ìgè," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Ó ní kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé òun lónìí. Òun á fẹsẹ̀ rìn dé oríta Àbàtà. Ó ní kí ọkọ̀ yín jọ̀ọ́ yà gbé òun."

"Mo gbọ́," ni Ṣíjúadé dáhùn.

Ó gbọ́, kò sì sọ fún ẹnì kan. Nígbà tí Tíṣà béèrè Ìgè, ó ní bóyá ara bàbá rẹ̀ ni kò tíì yá. Wọ́n dúró títí, wọ́n gbéra lọ sí pápá àwọn ará Ìlékètè. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá ibi tí à ń yà sí Àbàtà, Ṣíjúadé kọjú sí igbó. Inú rẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀. Lónìí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọn yóò máa pè.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Àwọn géńdé Ìlékètè méjì lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́, kò rí ibi tó lè mí. Ìgbà náà ló tó yé e pé Ìgè ni irú wọn ti ń tẹ̀lé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ìyẹn ló jẹ́ kí òun máa rí àyè. Kí wọ́n tó lọ sinmi, góòlù méjì ti wọlé wọn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí koríko ni Ìgè yọ, eruku pupa bò ó dé orúnkún. Òfin kò sì gba ẹni tí kò bá wọn bẹ̀rẹ̀ láyè láti wọlé mọ́.

"Ìgè! Kí ló dé tí o ò ránṣẹ́?" ni Tíṣà ké.

Ìgè wo Ṣíjúadé. Balógun sorí kọ́.

"Ó jọ pé iṣẹ́ náà ò dé, sà," ni Ìgè wí. Ó wá lóṣòó síwájú Ṣíjúadé. "Àwọn méjì tó ń tẹ̀lé ọ yẹn, fà wọ́n lọ sí igun pápá, kí o wá dá bọ́ọ̀lù padà fún Fátúnlá. Ó kúrú, ẹnikẹ́ni ò kà á sí."

Ṣíjúadé ṣe bẹ́ẹ̀, Fátúnlá sì jẹ ọ̀kan. Nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Ṣíjúadé, ilé góòlù sì wà níwájú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ní kó gbá a. Ó rí Fátúnlá lápá òsì, ó ti bọ́ọ̀lù sí i. Góòlù! Wọ́n ta ọ̀mì, wọ́n gba ife.

Baálẹ̀ àti gbogbo ìlú ló dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ òkè. Orúkọ Ṣíjúadé ni wọ́n ń pè, ìpè tí ebi rẹ̀ ti ń pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

"Balógun," ni Baálẹ̀ wí, "sọ̀yà kí a gbọ́!"

Ṣíjúadé na ìka kan ṣoṣo, ó fi gún àyà rẹ̀. Kò dún.

"Baba, èyí nìkan ni mo ti ń fẹ́ fi sọ̀yà látẹ̀yìnwá. Ìgè ránṣẹ́. Èmi ni dẹ́rẹ́bà jíṣẹ́ rẹ̀ fún, èmi ni mo gbé e mì."

Tíṣà ṣí fìlà, ó mi orí.

"Mo mọ̀," ni Ìgè wí. "Dẹ́rẹ́bà náà ló bá mi lójú ọ̀nà nígbà tó ń padà, ó ní ìwọ lòun jíṣẹ́ fún, òun ló sì gbé mi dé ìdajì ọ̀nà. Ó dùn mí, Ṣíjúadé. Ó ṣì ń dùn mí."

Ó di ọwọ́ balógun mú, ó ká ìka kan náà mọ́ mẹ́rin yòókù, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ náà lu àyà Ṣíjúadé: gbì! Fátúnlá lu tirẹ̀, gbogbo ikọ̀ lu tiwọn, àyà ń dún kárí ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Ìrọ̀rùn ní ọ̀rọ̀ náà ti jáde, tí wọ́n fi ń wí fún ẹni tó bá fẹ́ dá nìkan gbayì pé: àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.